Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Kí Ló Mú Zuko Dalẹ̀ ní Ba Sing Se?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lọ́tẹ̀ yìí, orí eré kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn dá lé: Avatar: The Last Airbender, eré àwòrán tí Michael Dante DiMartino àti Bryan Konietzko dá sílẹ̀, tí Nickelodeon gbé jáde láti ọdún 2005 sí 2008. Ìpín 61 ni eré náà ní, a sì pín in sí ìwé mẹ́ta: Omi, Ilẹ̀ àti Iná. Ẹni tí kò bá tíì wò ó dé òpin, kí ó mọ̀ pé a kò ní lè dáhùn láìtú àṣírí ìtàn náà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti wo Ìwé Ilẹ̀ tán. Zuko, ọmọ ọba Orílẹ̀-èdè Iná tí ń lépa Aang, ti ń yí padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tú Appa, ẹfọ̀n tí ń fò tí Aang, ọmọdékùnrin tí ó jẹ́ Avatar (ẹni kan ṣoṣo tí ó lè darí omi, ilẹ̀, iná àti afẹ́fẹ́), ń gùn, sílẹ̀ nínú ìdè. Ó gbà láti máa bá Iroh, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ta tíì ní Ba Sing Se, olú-ìlú Ìjọba Ilẹ̀. Ó sì bá Katara, ọ̀rẹ́ Aang, sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé bí Azula àbúrò rẹ̀ ṣe sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, kíá ni ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀? Lójú tèmi, ńṣe ni àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ kí ìjà náà gbóná, wọ́n wá ba ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n ti ń tún ṣe bọ̀ láti ọjọ́ yìí jẹ́.

ÈSÌ: Inú bí èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo tún un wò, mo gbà pé kò sí ibòmíràn nínú eré náà tí ìwà ẹ̀dá-ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn ti wọ ara wọn tó ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tí ọmọ náà ń wá. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó jókòó nínú ìpàdé ogun, tí ó sì ta ko ọ̀gágun kan tí ó fẹ́ fi àwọn ọmọ ogun tuntun ṣe ìjẹ fún ọ̀tá. Ozai bàbá rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí àfojúdi, ó ní kí ó bọ́ sójú agbo ìjà. Nígbà tí ọmọ náà sì kúnlẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀, tí ó kọ̀ láti gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tí ó bí i, Ozai fi iná jó o lójú òsì, ó sì lé e kúrò nílùú títí di ọjọ́ tí yóò fi mú Avatar wá, ẹni tí ojú kò rí mọ́ láti nǹkan bí 100 ọdún. Iṣẹ́ tí kò ṣeé jẹ́ ni bàbá náà fi rán an. Láti ìgbà náà ni Zuko ti ń gbé ebi ìfẹ́ bàbá kiri, ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Wàyí o, kí ni ó kọ̀ sílẹ̀ ní ti gidi nígbà tí ó ń ta tíì ní Ba Sing Se? Kò kọ nǹkan kan, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi nǹkan kan lọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kí èèyàn gbàgbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, àti kí ó kọ ohun kan náà nígbà tí wọ́n bá gbé e sí i lọ́wọ́. Azula ni ó kọ́kọ́ gbé e sí i lọ́wọ́: iyì rẹ̀, ìfẹ́ bàbá, ilé. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Azula kò fi ipá mú un. Ó ní yíyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó mọ ibi tí ebi ti ń pa èèyàn kò nílò láti fà á lápá.

Lẹ́yìn èyí ni ìran tí ó máa ń dá mi dúró wá dé. Aang àti Azula ń jà, iná kan balẹ̀ láàárín wọn, àwọn méjèèjì yíjú, Zuko ni. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo Aang, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè sí Aang. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ti jẹ́ kí a rí i pé èyí kì í ṣe àṣìṣe, yíyàn ni.

Ẹ tún wo omi inú ìgò kékeré tí Katara gbé kọ́ ọrùn. Omi mímọ́ láti Àríwá ni, lílò kan péré ló sì wà fún un. Katara ti fi ọwọ́ kan àpá ojú Zuko, ó ti ń sọ pé bóyá òun lè wò ó sàn, kí Aang àti Iroh tó fọ́ ògiri wọlé. Nígbà tí mànàmáná Azula ba Aang lẹ́yìn, tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀, omi yẹn náà ni Katara fi jí i. Bí wọ́n bá ti dà á sí àpá yẹn ni, Aang ti lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣàánú ẹni tí ó dalẹ̀ ni ó gba ẹni tí ó ta lẹ́bọ là. Òǹkọ̀wé tí ó kàn ń wá ìjà gbígbóná kì í ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Nínú Ìwé Iná, Zuko ní gbogbo ohun tí Azula ṣèlérí, ó sì ń bínú síbẹ̀. Ní etíkun ni ó ti jẹ́wọ́ pé ara òun gan-an ni òun ń bínú sí. Nígbà tí ó wá dojú kọ Ozai ní ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dà nù. Bí ó bá ti ṣe rere nínú ihò yẹn, ebi náà ì bá ṣì wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kan ni ì bá sì tún pa á.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kì í ṣe àrékérekè ni bí Aang ṣe gba agbára iná lọ́wọ́ Ozai láìpa á? Ìjàpá ńlá olórí kìnnìún kan ṣàdédé yọ ní ìparí, ó fún un ní ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, gbogbo ìṣòro sì yanjú.

ÈSÌ: Apá kan ẹ̀sùn yín tọ̀nà. Wọ́n ti fi àwòrán ẹranko náà hàn nínú ìwé kan ní ilé-ìkàwé Wan Shi Tong nínú Ìwé Ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kéré jù fún ohun tí yóò gbé ìparí ìtàn ró. Òkúta ṣóńṣó tí ó gún Aang lójú àpá ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì ṣí agbára Avatar rẹ̀ tí mànàmáná Azula ti dí, tilẹ̀ burú jù ú lọ ní tèmi. Aang kò yan nǹkan kan níbẹ̀. Orí ló kó o yọ.

Síbẹ̀, yíyàn rẹ̀ ti wáyé kí òkúta náà tó ṣiṣẹ́. Ozai ju mànàmáná lù ú, Aang gbà á sára gẹ́gẹ́ bí Zuko ti kọ́ ọ, ẹni tí Iroh kọ́, ó sì na ìka sí Ozai. Ìjà ti parí níbẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ó yí ọwọ́ padà, ó sì dà á sí ojú ọ̀run, láìsí ẹni tí ó ṣèlérí pé òun yóò tún rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kódà Yangchen, Avatar kan tí ó ti wà ṣáájú Aang, tí ó sì jẹ́ ọmọ Afẹ́fẹ́ bíi tirẹ̀, ti sọ fún un pé ire ayé gbọ́dọ̀ ṣáájú ìfọ̀kànbalẹ̀ tirẹ̀. Ó gbọ́, kò sì gbà. Ẹ lè bá òkúta àti ìjàpá wí. Ní ti ọmọ náà, ó ti san owó ohun tí ó gbàgbọ́ kí ojútùú náà tó ṣiṣẹ́ fún un.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí Iroh, àgbà ọ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò lọ bá Ozai jà fúnra rẹ̀?

ÈSÌ: Òun fúnra rẹ̀ dáhùn: bí òun bá tilẹ̀ lè borí, ayé yóò rí i bí ẹ̀gbọ́n tí ó pa àbúrò nítorí oyè. Mo fi èyí kún un pé Ba Sing Se ni gbèsè rẹ̀ wà. Ọjọ́ 600 ni ó fi dó ti ìlú náà nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gágun, ibẹ̀ sì ni Lu Ten ọmọ rẹ̀ kú sí. Nítorí náà, ìlú tí ó fẹ́ fọ́ nígbà kan ni ó lọ gbà sílẹ̀, ó sì fi adé sílẹ̀ fún Zuko. Nínú ìran ìkẹyìn, gbogbo wọn kóra jọ sí ilé tíì rẹ̀ ní Ba Sing Se, Zuko tí ó ti di ọba ni ó sì ń gbé tíì fún wọn.