Kí ni "Kavi" ń ṣe níwájú orúkọ Vishtaspa?

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ "Kavi" tí wọ́n fi ń pe Ọba Vishtaspa nínú Avesta, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Zarathustra ní Ìránì, àti bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀sìn ló dá ogun òun àti Arejataspa sílẹ̀.

Orúkọ ọba náà kò le. "Aspa" ni ẹṣin. Vishtaspa ni ẹni tó tú ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ kó máa sáré. Ẹṣin wà nínú orúkọ Arejataspa ọ̀tá rẹ̀ náà. Ràkúnmí ló wà nínú ti Zarathustra, wòlíì ẹ̀sìn náà. (Bàbá Darius Kìíní, ọba Páṣíà, náà ń jẹ́ Vishtaspa, ṣùgbọ́n gómìnà nìyẹn, kì í ṣe kavi.)

"Kavi" gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú Sanskrit, tó bá èdè Avesta tan, akéwì tàbí aríran ni. Nínú Gatha, àwọn orin tí wọ́n gbà pé ẹnu Zarathustra fúnra rẹ̀ ló ti jáde, olórí ìlú ni kavi, wọn kì í sì í sábà fi ire dárúkọ rẹ̀. Àwọn kavi àti àwọn karapan, ìyẹn àwọn àwòrò tó ń tako wòlíì, ni wọ́n jọ ń bú pọ̀. Orin kan wà tí wòlíì fi bẹ̀rẹ̀ igbe: ilẹ̀ wo ni kí n sá lọ? Inú orin yẹn kan náà ló ti wá dárúkọ Kavi Vishtaspa gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Lójú tèmi, ohun tó mú orúkọ ọba yìí dùn lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn náà nìyẹn: àárín àwọn tó ń lé wòlíì kiri ni alábàárò rẹ̀ ti jáde.

Ti ogun ńkọ́? Gatha kò mẹ́nu ba Arejataspa rárá. Inú Yasht, ìyẹn orin ìyìn inú Avesta, tí wọ́n fi ń yin Anahita, òrìṣà omi, la ti bá a. Vishtaspa fi ẹṣin 100, màlúù 1,000 àti àgùntàn 10,000 rúbọ, ó tọrọ ìṣẹ́gun. Arejataspa náà kó iye kan náà wá, kò dín ẹyọ kan. Anahita kò gbà á.

Inú Ayadgar-i Zareran, ìtàn tí wọ́n kọ ní Pahlavi, èdè Ìránì àtijọ́ kan, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti wá hàn kedere. Arjasp (Arejataspa náà ni) ránṣẹ́ pé kí ọba fi ẹ̀sìn tuntun yẹn sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ogun dé. Vishtaspa kọ̀. Zarer àbúrò rẹ̀ bógun lọ. Nígbà tí wọ́n mú Arjasp, Isfandiyar ọmọ ọba gé ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ kan àti etí kan lára rẹ̀, ó fi iná jó ojú rẹ̀ kan, ó gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n gé nírù, ó ní kó máa lọ ilé lọ ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí.