Báwo la ṣe lè yẹ ìlànà ìfiránṣẹ́ rédíò wò ká tó kọ kóòdù?

Ìbéèrè: Ní Yábàá la ti ń ṣe mítà iná tó ń gba owó lórí rédíò. Lórí tábìlì kò sí wàhálà. Ní Mushin, ₦1,000 kan náà ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Mítà gba ìfiránṣẹ́ yín, èsì "mo ti gbà á" ló sọnù. Ẹ̀rọ yín rò pé kò dé, ó tún rán an, mítà sì kà á sí owó tuntun.

Ẹ lo SPIN, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ gbogbo ọ̀nà tí ìlànà lè gbà ṣẹlẹ̀ wò; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi Promela, èdè tí SPIN ń kà, kọ àwòṣe ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́, mítà, àti ojú ọ̀nà tó lè gbé ìfiránṣẹ́ tàbí èsì mì. Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Kí ojú ọ̀nà má gba ju ìfiránṣẹ́ 2 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àtúnrán má ju 3 lọ, kí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà yín má baà kún. Ẹ fi assert, àṣẹ tó ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, sọ pé owó kan kò gbọdọ̀ wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn àṣẹ yìí tẹ̀léra: spin -a pẹ̀lú orúkọ fáìlì yín, gcc -o pan pan.c, ./pan. Bó bá rí àṣìṣe, spin -t -p pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà á fi ìṣísẹ̀ rẹ̀ hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: ẹ fi nọ́ńbà tó ń gòkè sára owó kọ̀ọ̀kan. Mítà kò ní ka èyí tó ti rí rí, ṣùgbọ́n á tún fèsì. Nọ́ńbà 0 àti 1 nìkan kò tó bí ẹ̀rọ bá ń jáwọ́ lẹ́yìn àtúnrán 3: owó tuntun lè jọ ti àtijọ́. Bó bá kan àkókò gan-an, UPPAAL, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ń ka àkókò mọ́ ọn, ni kí ẹ lò.

Ẹ ṣọ́ra o: ohun tí ẹ kọ nìkan ni SPIN ń yẹ̀ wò. Wọ́n ti fi ẹ̀rí ìṣirò gbe WPA2, ìlànà ààbò Wi-Fi, lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ní 2017 olùwádìí Mathy Vanhoef ṣí KRACK, ọ̀nà láti kọlù ú, payá, torí ẹ̀rí náà kò sọ ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ máa wọlé sí lílò.