Àbúrò mi lóyún tí kò retí, ní Ìkòròdú. Ta la lè fọ̀rọ̀ lọ̀?

Ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba, Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí èyí tó wà ládùúgbò. Kó rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka oyún, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n jọ sùn. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta.

Ó lè bí i kó tọ́ ọ, ó sì lè gbé e sílẹ̀ fún alágbàtọ́ lábẹ́ òfin. Ní ti ṣíṣẹ́ oyún, òfin Èkó ti 2011 gbà á kìkì torí ẹ̀mí ìyá tàbí ìlera ara rẹ̀.

Kó má mu káún o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.