Tirélà Tí Wọ́n Kọ 28 Sí Lára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni a wà, èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ìyàwó mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé láti wá kí wa. A ra tirélà oníyàrá kan ní àlòkù, tòun ti ilé ìdáná àti ilé ìtọ̀ nínú. Pickup mi ni yóò máa fà á. Wọ́n kọ 28 gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fẹ́ gbé e lọ sí national park nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ní oṣù kẹfà. Yellowstone ni ìyàwó mi fẹ́. Èmi ń wo Big Bend, nítorí Texas níbí náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a lọ sí Mather Campground ní Grand Canyon, ó ní owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ń gba tirélà títí dé ẹsẹ̀ bàtà 30, pé tiwa ṣì ku méjì kó pé. Èwo ni ká ṣe? Ẹsẹ̀ ń dun ìyá o, wọn ò lè rìn jìnnà. (Bàbá Ìbejì, Houston)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire, ẹ ó lò ó gbó. Ẹ kú àlejò ìyá náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ mú tépù. Kí ọmọ kan di ìdí rẹ̀ mú ní ṣóńṣó irin iwájú tí ẹ fi ń kọ́ tirélà mọ́ pickup, kí ẹ̀yin fà á títí dé bọ́ńpà ẹ̀yìn. Bí táyà àfipamọ́ tàbí irin tí ẹ ń so kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ mọ́ bá yọ kọjá bọ́ńpà, ẹ kà á mọ́ ọn. Nọ́ńbà tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, orúkọ ọjà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ka irin iwájú rárá, nítorí náà ó wọ́pọ̀ kí tirélà tí wọ́n kọ 28 sí lára gùn tó 32. Mather ò sì gba ohun tó bá ju 30 lọ. Kò sí iná tàbí omi tí ẹ lè so mọ́ tirélà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sì sọ pé ìyá àgbà wà nínú ọkọ̀.

Àwọn alákòóso ọgbà ò kórìíra ẹni tó ní tirélà ńlá o. Láàárín ọdún 1956 sí 1966 ni ìjọba Amẹ́ríkà náwó yàlàyàlà sórí àwọn ọgbà wọ̀nyí, nínú ètò kan tí wọ́n pè ní Mission 66, ọ̀pọ̀ ibùdó tí a ń lò lónìí ló sì ti ìgbà náà wá. Tirélà ayé ìgbà yẹn kéré. Ẹni tó ya àwòrán ọ̀nà inú ibùdó náà ò ro ti ilé alágbèérìn tí ògiri rẹ̀ ń yọ síta, tí ẹ̀rọ amúlétutù méjì wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ra tirélà ńlá pé kó má ti orúkọ ọgbà bẹ̀rẹ̀. Ààyè tó gba ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà kó o wo ọgbà tí ààyè náà wà.

Ó yá, ti Ìyá Ìbejì. Ibùdó kan ṣoṣo ló wà nínú Yellowstone tí ẹ ti lè so iná, omi àti páìpù ìdọ̀tí pọ̀ mọ́ tirélà. Fishing Bridge RV Park ni. Àgọ́ aláṣọ ò wọ ibẹ̀, tirélà tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ aṣọ náà ò wọ ibẹ̀, nítorí béárì grizzly ń rìn ládùúgbò náà. Tiyín tó le gbagidi yóò wọlé. Ṣùgbọ́n láti Houston, àlọ nìkan ju máìlì 1,500 lọ, ẹ ò sì tíì fa tirélà yìí rí. Ẹ fi í di ọdún mìíràn. Nígbà tí ẹ bá lọ, kí ìyá má ṣe dín ẹja níta kí wọ́n wá fi ìkòkò epo sílẹ̀ lórí tábìlì wọlé sùn. Òfin ni pé gbogbo oúnjẹ, títí kan ìkòkò tí a ò tíì fọ̀, gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tàbí nínú tirélà tí a tì pa. Àwọn aṣọ́gbà máa ń yí ká wò ó, wọn ò sì ní í gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́".

Big Bend sún mọ́ yín ju ìyẹn lọ, bíi máìlì 600. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó dàgbà sí ìgboro Èkó lè rò pé wọ́n tan nǹkan sójú ọ̀run. Àmọ́ oṣù kẹfà kọ́ ni ẹ ń bá lọ síbẹ̀! Rio Grande Village, tí tirélà ńlá ti lè rí iná, omi àti páìpù ìdọ̀tí, wà nísàlẹ̀ létí odò, ooru ibẹ̀ sì máa ń kọjá 100 Fahrenheit lásìkò tí ẹ dá yẹn. Ààyè 25 péré ló wà níbẹ̀, orí ọ̀dà ni, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ibòji. Inú ibùdó ńlá tó wà nítòsí rẹ̀ ni igi wà, ààyè 100 ló sì ní, ṣùgbọ́n kò sí iná níbẹ̀. Ẹni tí yóò fa tirélà ẹsẹ̀ bàtà 32 lọ sí Chisos Basin, níbi tó tutù lórí òkè, ó ń wá wàhálà. Ọgbà náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí tirélà tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ má gùn ún, nítorí kọ́nà ọ̀nà náà ká kò kò kò. Ẹ fi Big Bend sí ìsinmi Thanksgiving tàbí Kérésìmesì. Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó kúrò ní Fort Stockton, kí ẹ sì ti wo máàpù sínú fóònù ṣáájú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò ṣe é gbára lé.

Grand Canyon ló kù. Ọ̀rẹ́ yín mú ọgbà tó dára, ibùdó ni kò mú dáadáa. Nítòsí Mather gan-an ni Trailer Village wà. Iná wà níbẹ̀, omi wà, páìpù ìdọ̀tí wà. Bí ẹ ṣe gba iwájú wọlé ni ẹ ó gba iwájú jáde, ẹ ò ní nílò láti fi ẹ̀yìn wọ ààyè. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa tirélà, mo ka ìyẹn sí ju ojú ilẹ̀ tó rẹwà lọ. Wọ́n ń gba ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50. Nísinsìnyí, ẹ ṣírò: bí tirélà bá jẹ́ 32, tí pickup jẹ́ 19 tàbí 20, àpapọ̀ rẹ̀ ti lé ní 50. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ sọ iye tí tépù wí, kí wọ́n sọ fún yín bóyá ẹ lè tú pickup kúrò kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba gbé ibùdó náà fún ló ń ta ààyè rẹ̀, ẹ ò ní rí i lórí Recreation.gov, ìkànnì ìjọba tí a ti ń gba ààyè, níbi tí ti Mather wà. Bí oṣù kẹfà bá ti kún, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, àwọn èèyàn máa ń yẹ ìrìn àjò wọn.

South Rim, etí ihò Grand Canyon níbi tí Trailer Village wà, ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000, nítorí náà afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ lálẹ́ nígbà tí Houston bá ń hó. Ní ti ẹsẹ̀ ìyá, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ń ná káàkiri ibẹ̀, ó sì ń dúró nítòsí ibi tí èèyàn ti lè jókòó wo ihò ńlá náà. Wọ́n ti fi ọ̀dà sí apá kan Rim Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etí ihò náà, níbi tó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ arọ gan-an ń gba ibẹ̀. Ẹ wá gbọ́ nǹkan kan lórí owó. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, àlejò tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà, tó bá ti pé ọmọ ọdún 16, ń san $100 lé owó ìwọlé ní ọgbà 11. Grand Canyon àti Yellowstone wà lára wọn, Big Bend kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò ni ìyá fi wọlé, ẹ bi àwọn ọgbà náà léèrè kí ẹ tó gbéra bóyá káàdì ọdọọdún tí a fi ń wọ ọgbà, bí ẹ bá ní i, yóò bo wọn.

Àwọn nǹkan tó kù ò gùn. Àlòkù ni ẹ rà, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017. Táyà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ dúdú kirikiri tí ojú rẹ̀ ò jẹ, èmi ò ní fi í gun ọ̀nà I-10. Mo fi ọ̀nà yẹn jẹun ní àwọn ọdún tí mo fi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì mọ bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn Texas ṣe máa ń fi ìdí tirélà ṣeré. Ẹ má sáré kọjá 65. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá lára yín.

Ní ti iná, ojúhò méjì ni ẹ ó bá ní ọ̀pọ̀ ibùdó, ti 30-amp àti ti 50-amp. Ti 30 kò lè fúnni ju wáàtì 3,600 lọ. Amúlétutù kan lè gba bíi 1,500 nínú rẹ̀, kẹ́tùlù ìsemi lè gba 1,500 mìíràn. Bí ìyá bá wá tan ẹ̀rọ tí ń gún iyán lé e, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ẹ máa pa ọ̀kan kí ẹ tó tan òmíràn.

Kí ẹ tó lọ ibi kankan rárá, ẹ gbé e lọ fún òpin ọ̀sẹ̀ kan sí Brazos Bend State Park, nítòsí Needville. Kò jìnnà sí yín, ó ní ààyè oníná. Ọ̀nì wà nínú adágún rẹ̀, nítorí náà ẹ di ọwọ́ àwọn ìbejì mú. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé, nítorí Trailer Village nìkan kọ́ ni ẹ ó sùn sí láyé. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdí tirélà lọ sápá òsì, ẹ sún ọwọ́ yẹn sápá òsì. Ẹ sún un díẹ̀, kí ẹ sì dúró wò ó. Kí Ìyá Ìbejì dúró lẹ́yìn, lápá ti ẹ̀yin awakọ̀, níbi tí ẹ ti ń rí i nínú dígí, bí mọ́tò-bọ́ì ìjọ́sí: bí ẹ ò bá ti rí i mọ́, ẹ tẹ bíréèkì. Kó tó di pé ẹ tú pickup sílẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ògiri yín ń yọ sí, bóyá igi tàbí òpó iná ò sí níbẹ̀. Mo ti rí tọkọtaya kan tí wọ́n ti ta gbogbo ẹsẹ̀ ìdúró tirélà wọn sílẹ̀, tí obìnrin náà ti ń rẹ́ àlùbọ́sà, kí ọkọ tó tẹ bọ́tìnnì kí ògiri tó gbá òpó iná "gbàù!" Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi jinná.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè gbé tirélà ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ sí Cades Cove ní Great Smoky? Ọkọ mi ń lo ẹ̀rọ tó ń bá a mí lóru. (Ìyá Fèyí, Atlanta)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè gbé e lọ, wọ́n ń gba tirélà títí dé 35. Ṣùgbọ́n kò sí iná láti so mọ́ ọn, aago mẹ́jọ alẹ́ sì ni jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí di mẹ́jọ àárọ̀. Nítorí náà bátìrì ni ẹ̀rọ Bàbá Fèyí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ pa apá tó ń mú omi gbóná lára ẹ̀rọ náà, òun ló ń jẹ bátìrì jù. Kí ẹ dán an wò nílé ní òru kan kí ẹ tó gbéra. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí òpópónà oní-máìlì-11 tí a ti ń wo ẹranko ní Cades Cove ká, ẹ tú tirélà sílẹ̀ ní ibùdó. Ní Roaring Fork, òpópónà mìíràn nínú ọgbà náà, òfin ò tiẹ̀ gba tirélà rárá.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì mi ti pé ẹni ọdún 67, wọ́n sì ní green card. Ṣé wọ́n lè gba káàdì àgbàlagbà tí a fi ń wọ national park, àbí ti ọmọ onílùú nìkan ni? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland)

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè gbà á. Ẹni tó bá ti pé 62, tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó ní green card, lè ra a: $20 fún ọdún kan, tàbí $80 títí ayé. Ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń dín owó ààyè kù sí ìdajì ní ọ̀pọ̀ ibùdó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń bójú tó. Ní ibùdó tí wọ́n gbé fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Ẹ̀yin ọmọ, orúkọ mọ́mì ló wà lórí káàdì náà, mọ́mì ni yóò sì jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ ò lè kó káàdì sápò kí ẹ fi wọ́n sílé tọ́mọ.