Nígbà Tí Òkèlè Ò Bá Lọ Mọ́: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti bí oṣù mẹ́ta ni òkèlè ti ń há wọn láyà. Ní báyìí, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń lọ, wọ́n sì ti rù gan-an. Dókítà kan ní kí wọ́n lọ mu báríọ́ọ̀mù kí wọ́n ya X-ray, òmíràn ní endoscopy ni. Owó méjèèjì ò sí lọ́wọ́ wa. Èwo ni ká ṣe? (Láti Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré lagbára yín ká, endoscopy ni kí ẹ ṣe. Omi funfun ni báríọ́ọ̀mù, aláìsàn á máa mu ún níwájú ẹ̀rọ X-ray. Ó ń fi ibi tí ọ̀nà ti fún hàn, bó ṣe gùn tó, àti bóyá etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Ṣùgbọ́n báríọ́ọ̀mù ò lè gé ẹran, ìyẹn díẹ̀ lára ibi tó ń ṣàìsàn fún àyẹ̀wò. Láìgé ẹran lọ sábẹ́ maikirosíkóópù, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé jẹjẹrẹ ni, tàbí irú jẹjẹrẹ wo.

Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni wọ́n fi ń ṣe endoscopy. Dókítà á wọn ibi tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, láti eyín iwájú. Ọ̀nà ọ̀fun àgbàlagbà, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé àpòlúkù, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí eyín, ó sì máa ń parí ní nǹkan bíi 40. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé èsì, torí òun ni oníṣẹ́ abẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé ẹran tó mẹ́fà, ó kéré tán. Bí wọ́n bá gé ọ̀kan tàbí méjì, ó lè bọ́ sí ojú ibi tó ti kú, kí èsì wá sọ pé àwọn ò rí nǹkan, kí ẹ tún wá owó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ohun mìíràn tó máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ ni oúnjẹ àná tó ṣì dúró lókè ibi tó fún. Fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ti dí báyìí, ààwẹ̀ òru kan lè má tó. Kí wọ́n béèrè bóyá omi nìkan ni kí màmá máa mu láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Tó bá jẹ́ pé omi àti òkèlè jọ ń há láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ó lè jẹ́ akalásíà, àìsàn tí iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun kì í fẹ́ dẹ̀. Níbẹ̀ ni báríọ́ọ̀mù ti wúlò jù: òkè á fẹ̀, ìsàlẹ̀ á wá ṣẹ́ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Wọ́n máa ń la iṣan náà ni, bí oníṣẹ́ abẹ Heller ti ṣe é ní Jámánì lọ́dún 1913, tàbí kí wọ́n gba ẹnu wọlé là á, ọ̀nà tí Dókítà Inoue bẹ̀rẹ̀ ní Japan lọ́dún 2008. Àmọ́ jẹjẹrẹ tó bá fara pamọ́ sí ẹnu àpòlúkù lè ya irú àwòrán kan náà, nítorí náà endoscopy ò ṣeé yẹ̀ síbẹ̀.

Ìbéèrè: London ni bàbá wa wà. Wọ́n ti gé ẹran, wọ́n ní adenocarcinoma (irú jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi ara) ni, nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ya CT, wọ́n tún ní PET, wọ́n tún fẹ́ ṣe endoscopy tó ní ultrasound lẹ́nu. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kẹmo, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fún wọn. Ṣé wọn ò máa fi àkókò ṣòfò kí àìsàn náà máa tàn?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. CT ń wo àyà àti ikùn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún èèyàn lábẹ́rẹ́ oògùn àwòrán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ń wá àbàwọ́n nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń wò bóyá àìsàn ti lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn wá tàbí mọ́ ọ̀nà èémí. Ó lè rí i pé ògiri ọ̀nà ọ̀fun ti nípọn kọjá mìlímítà 5, ṣùgbọ́n kò lè ka ìpele ara ògiri náà. Ultrasound tó gba inú wọlé ló ń ka ìpele. Bí jẹjẹrẹ ò bá tíì kọjá awọ inú lọ́hùn-ún, ìyẹn T1a (T ni àmì tí dókítà fi ń sọ bí jẹjẹrẹ ṣe jìn tó), wọ́n lè bó o kúrò láti ẹnu láìla àyà. Bó bá ti dé iṣan ògiri tàbí ó ti yọ síta, T2 àti T3, kẹmo àti iṣẹ́ abẹ ló kù. Bó bá ti wọnú ọ̀nà èémí tàbí eegun ẹ̀yìn, T4b nìyẹn, ọ̀bẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

PET ní tirẹ̀ ń wá ibi tó jìnnà. Ṣúgà tí wọ́n so nǹkan atànṣán mọ́ ni wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́, torí jẹjẹrẹ máa ń gba ṣúgà ju ara yòókù lọ. Kí bàbá má jẹun fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Bí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba ọjọ́, torí ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ máa ń ba àwòrán jẹ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ fún bíi wákàtí kan, láìrìn, láìjẹ ṣingọ́ọ̀mù, nítorí iṣan tó bá ṣiṣẹ́ á tàn nínú àwòrán. Àléébù PET ni pé kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń tàn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wà nínú kókó lymph, àwọn kókó kéékèèké tó ń bá àrùn jà, á tàn bákan náà, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa ju bí àwọn dókítà kan lókè òkun ti ń rò lọ. Kí wọ́n gé ẹran níbi tó tàn kí wọ́n tó sọ pé àìsàn ti tàn kálẹ̀, kí wọ́n sì fagi lé iṣẹ́ abẹ.

Ní ti kẹmo: ọ̀nà ọ̀fun ò ní irú awọ ìta tó bo ìfun, nítorí náà jẹjẹrẹ rẹ̀ tètè ń jáde síta. Ẹ̀rún jẹjẹrẹ tí àwòrán ò rí ni kẹmo ń lé. Nínú ìwádìí CROSS tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn kẹmo méjì, carboplatin àti paclitaxel, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú ìtànṣán ìgbà 23, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ìdajì wọn lo oṣù 49 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n kàn ṣiṣẹ́ abẹ fún, oṣù 24. Fún adenocarcinoma, ìwádìí ESOPEC ti Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2025, fi hàn pé kẹmo FLOT (oògùn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń fúnni) tún dára ju ìyẹn lọ: ìgbà mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bó bá jẹ́ FLOT ni wọ́n dárúkọ fún bàbá, a ò rí àkókò tó ṣòfò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní àpòlúkù ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀nà ọ̀fun tuntun. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ló sì lè yíwọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni èyí tí oníṣẹ́ abẹ Ivor Lewis gbé jáde ní Britain lọ́dún 1946. Láti inú ikùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tú àpòlúkù sílẹ̀, wọ́n á gé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà lápá òsì, ṣùgbọ́n wọ́n á dá èyí tó gba etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún sí, torí òun nìkan ló máa bọ́ ọ. Ẹ̀rọ á rán an, á sì gé e di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Bó bá fẹ̀ jù, oúnjẹ á máa dúró sínú rẹ̀. Bó bá tín-ín-rín jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba àárín ìhà ọ̀tún wọlé, wọ́n á gé ọ̀nà ọ̀fun tó ń ṣàìsàn kúrò pẹ̀lú kókó lymph tó tó 15 ó kéré tán, wọ́n á fa àpòlúkù gòkè, wọ́n á sì rán an mọ́ èyí tó kù. Bí àìsàn bá ga, ọrùn ni wọ́n ti ń rán an.

Ojú rírán yẹn ni ìṣòro pọ̀ sí jù, torí orí ọ̀pá náà ni ẹ̀jẹ̀ kì í tó. Bí ó bá jò ní ọrùn, itọ́ á gba ojú egbò jáde, ó sì sábà máa ń san. Bí ó bá jò nínú àyà, ó lè pa èèyàn. Nítorí náà, bí ibà bá dé, tí ọkàn ń sáré lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, kí wọ́n má ṣe sọ pé ibà lásán ni kí wọ́n tó ya CT. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tó ń jò, oògùn àwòrán tó ń yòrò sínú omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni mu, torí báríọ́ọ̀mù tó bá jò sínú àyà kì í tètè kúrò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí omi ń gba ọ̀nà èémí lọ, irú rẹ̀ kan tó le, Gastrografin, lè mú kí omi kún ẹ̀dọ̀fóró.

Bí omi inú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi jáde láyà bá funfun bíi wàrà lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ, ọ̀nà tí ọ̀rá oúnjẹ ń gbà ló já. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ. Bí kò bá dín kù, wọ́n á padà lọ dì í. Bí ohùn bá há, iṣan tó ń darí ohùn ló farapa, ó máa ń padà nígbà míì. Nílé, kí aláìsàn máa jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà mẹ́fà lójúmọ́, kó má sùn sílẹ̀ láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kó sì gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè títí ayé, torí ìlẹ̀kùn tó ń dá omi kíkan dúró ti lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, mu omi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Àwọn àgbà ní ká fún un ní epo pupa kó lè bì. Ó ti wà ní ilé ìwòsàn báyìí. Ṣé a ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Rárá o. Bó bá bì, sódà á tún gba ọ̀nà kan náà jó o lẹ́ẹ̀kejì, epo sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní nǹkan kan láti fi bì. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ ní kíá pẹ̀lú ìgò náà. Láàárín wákàtí 24 ni endoscopy dára jù. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú egbò lè máa sún kì, kí ọ̀nà fún. Wọ́n á máa mú un fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀. Ewu jẹjẹrẹ máa ń ga nínú ọ̀nà ọ̀fun tí sódà ti jó, ó sì lè tó ogójì ọdún kó tó yọjú. Dókítà tó bá máa wò ó nígbà náà gbọ́dọ̀ mọ̀.