Ẹni tó fẹ́ ra orúkọ dómẹ́ìnì mi ń sunkún: ṣé kí n dín owó kù fún un?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ra orúkọ dómẹ́ìnì, ìyẹn àdírẹ́sì ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì, pamọ́, tí mo sì ń tún wọn tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé mi ní Òṣogbo. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó jẹ mọ́ ìlera, tó parí sí .com, wà ní títà ní 1,800 dọ́là. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi Gmail kọ ímeèlì sí mi. Ó ní London lòun ń gbé, pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àbúrò òun obìnrin, òun sì fẹ́ fi orúkọ náà dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ní àbúrò òun ló ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ méjì péré ni owó ọdún rẹ̀ fi lé nígbà tó wà ní ọsibítù, tí mo fi gbà á. 60 dọ́là ló fi ná an. N kò dá a lóhùn. Ó tún kọ̀wé, ó fi àwòrán ọmọ kan tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, ó sì ní kí n fi kóòdù tí a fi ń gbé orúkọ kúrò ránṣẹ́ sí òun, kí òun lè fi han ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n tètè fọwọ́ sí owó. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fèsì. Ẹ má fi kóòdù náà ránṣẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ẹni tí kóòdù bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí orúkọ náà kò sì sí ní títì pa lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn láìsan kọ́bọ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó nílò kóòdù kó tó fọwọ́ sí owó ọjà. Ó dà bí ẹni tó ní kí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún òun ná, kí òun lọ bi ìyàwó òun bóyá ilé náà wù ú.

Ohun tó mú kí omijé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òwò wa kò fara sin. Lọ́dọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ .com kì í sábà ju bíi 10 sí 20 dọ́là lọ lọ́dún, olùrà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín iye yẹn àti 1,800 tí ẹ ń pè é ni ìtàn náà ń wọ̀nà fún. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kì í ṣe iṣu tí gbogbo ọjà ti mọ iye rẹ̀. Ẹni tó ń rà á àti ohun tó fẹ́ fi ṣe ló ń sọ iye tó máa jẹ́. Ní 2010, 8.5 mílíọ̀nù dọ́là ni Facebook san fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà kí fb.com tó di tiwọn, lẹ́tà méjì péré. Elon Musk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Tesla, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lé ní ọdún mẹ́wàá, ó sì ná òun ní 11 mílíọ̀nù dọ́là, kí òun tó rí tesla.com gbà. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú èyí, tó sì ní ilé-iṣẹ́ tó lówó lẹ́yìn, kò ní gbé agbádá wọ̀ wá bá yín. Yóò bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì di akẹ́kọ̀ọ́, tàbí opó, tàbí pásítọ̀ ìjọ kékeré. Tèmi ni pé n kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí olè. Ìnájà ni. Ẹ̀yin náà rí i ní Ọjà Ọba lójoojúmọ́: ìyá tó fẹ́ ra aṣọ òkè kì í kó góòlù sọ́rùn dé ìsọ̀.

Èmi náà ti fara gbá a. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi nígbà kan pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun, pé òun nílò orúkọ kan fún iṣẹ́ àṣekágbá òun ní yunifásítì, pé bàbá òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Orúkọ tí mo ti pè ní 2,000 dọ́là ni mo tà fún un ní 150, mo tún gbàdúrà fún un. Kò tó oṣù márùn-ún tí mo fi rí orúkọ náà lára pátákó ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Kò jà mí lólè o. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gé owó ọjà mi nítorí ohun tí kò kan ọjà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ nínú gbogbo lẹ́tà tó bá dé: iye tí olùrà fi ná an, àti ìtàn tó so mọ́ ọn. Iye owó ni mo ń dá lóhùn. Bí ìtàn náà bá wọ̀ mí lára, mo ní ibòmíràn tí mo ti lè ṣàánú, n kò sì ní ṣe é lórí owó ọjà, nítorí pé ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ kọ́ ló yẹ kó máa wọn àánú fún mi.

Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ pa ìtàn náà tì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ní à ń sunkún, à ń ríran, ẹni tó ń ka ẹkún náà gbọ́dọ̀ máa ríran. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì yẹn. Orúkọ .com kì í bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí owó ọdún rẹ̀ bá lé, ilé-iṣẹ́ tí a ti forúkọ náà sílẹ̀ sábà máa ń fún oní nǹkan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti san án kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Bí kò bá sì sẹ́ni tó gbà á níbẹ̀, ó tún kù ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹni tó ni ín ṣì lè fi owó ìtanràn rà á padà, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún mìíràn, kó tó di ohun tí gbogbo ayé lè mú. Nítorí náà, bí ẹni yìí kì í bá ṣe òpùrọ́, a jẹ́ pé wọ́n ṣì í lọ́nà. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí lookup.icann.org, ojú òpó ICANN, àjọ tó ń mójú tó orúkọ dómẹ́ìnì lágbàáyé, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ náà sílẹ̀. Ẹ kọjá sí Wayback Machine ní archive.org, tó ti ń pa ẹ̀dà àwọn ojú òpó mọ́ láti 1996, kí ẹ wo ohun tó wà lórí orúkọ náà láwọn ọdún tó ní ó jẹ́ ti àbúrò òun. Bí ẹ bá bá ìpolówó oògùn nìkan níbẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ má retí àtirí orúkọ ẹni tó ni ín nígbà náà ní tààrà, torí láti oṣù Karùn-ún 2018 tí òfin ìpamọ́ àṣírí ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pamọ́.

Ní ti ẹgbẹ́ aláàánú, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Charity Commission, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ níbí: ẹgbẹ́ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un kò tó 5,000 pọ́n-ùn lọ́dún lè máà forúkọ sílẹ̀ rárá, ti ẹni yìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Àìní nọ́ńbà kò sọ ọ́ di gbájúẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti fi ìbínú lé olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan rí, tó sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lára mi. Àwòrán ọmọ náà, ẹ fi Google wá a, kí ẹ wo ibi mìíràn tó ti jáde rí.

Èsì tí ẹ máa kọ ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fi ẹnu kọ, kì í ṣe nítorí àánú, bí kò ṣe nítorí ìgbéraga. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní Kánádà, Mike Rowe, fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe mikerowesoft.com, tó dún bíi Microsoft létí. Àwọn agbẹjọ́rò Microsoft ní kó gba 10 dọ́là, iye tó ná; inú bí i, ó ní kí wọ́n san 10,000. Iye tó dá yẹn gan-an ni wọ́n mú dání pé ọkàn àbòsí ló fi gba orúkọ náà. Ní oṣù Kìíní 2004 ni wọ́n yanjú rẹ̀, Microsoft gba orúkọ, ọmọ náà gba Xbox àti àwọn nǹkan mìíràn. Ìlànà tí ICANN fi lélẹ̀ ní 1999 fún irú ẹjọ́ báyìí ka fífi orúkọ gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó ni àmì òwò mọ́ ẹ̀rí ọkàn búburú. Orúkọ tiyín jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí gbogbo ayé ń lò, kò sì jọ pé ewu bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn Gmail yẹn. Nítorí náà, ẹ má sọ iye tí ẹ rà á, ẹ má halẹ̀ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Bí orúkọ kan bá jọ ti ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, agbẹjọ́rò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Èsì tèmi kì í ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: «Ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí Ọlọ́run tu yín nínú. Orúkọ náà wà ní títà ní 1,800 dọ́là. A ó gba owó nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń di owó mú láàárín olùrà àti olùtà, ẹ̀yin ni ẹ ó san owó iṣẹ́ wọn. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ ètò náà.» Ìbánikẹ́dùn wà níbẹ̀ nítorí pé ọmọlúàbí ni yín, àlàyé kò sí níbẹ̀ nítorí pé àlàyé ni olùrà máa ń fi ṣe àtẹ̀gùn sí ẹ̀dínwó.

Bí ó bá gbà, ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó bá san ju iye tí ẹ pè lọ, tó ní kí ẹ dá ìyókù padà, gbájúẹ̀ ni, sọ̀wédowó rẹ̀ yóò padà wá láìní owó nínú. Ẹni tó bá fi PayPal san án lè fẹjọ́ sùn níbẹ̀ títí di 180 ọjọ́, nígbà tí orúkọ yín ti rìn jìnnà. Àwọn kan yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí iye tí orúkọ náà jẹ́ lórí ìkànnì kan tí àwọn fúnra wọn dárúkọ. Owó ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an ni ọjà wọn. Bí ẹ bá lo Escrow.com, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń di owó mú yẹn, tàbí irú rẹ̀ mìíràn, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ má tẹ líǹkì tí olùrà fi ránṣẹ́, nítorí pé ayédèrú wọn pọ̀ bí eéṣú. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá fi hàn nínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ wọn pé owó ti wọlé ni kí kóòdù tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà yìí tún gbe àwa tí a ń tajà láti Nàìjíríà: ẹ̀rù àwa náà ń ba olùrà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ kò ṣeé jí, kó rántí sex.com. Gary Kremen ló kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1994. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Stephen Cohen mú ayédèrú lẹ́tà kan lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso àkọsílẹ̀ náà, wọ́n sì gbé orúkọ náà fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kremen fi wà ní kóòtù kó tó rí i gbà padà. Ilé-ẹjọ́ ní kí Cohen san 65 mílíọ̀nù dọ́là fún un, ọkùnrin náà sì sá lọ sí Mẹ́síkò. Ẹ ti orúkọ yín pa lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí àkáǹtì yín máa béèrè nọ́ńbà kejì láti orí fóònù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà.

Bí ẹ bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, tí ẹ sì rí i pé ìtàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó san án díẹ̀díẹ̀, bíi 150 dọ́là lóṣù fún ọdún kan, kí ilé-iṣẹ́ agbédè-méjì náà di orúkọ mú títí owó yóò fi pé, kó sì máa lò ó ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ aláàánú ní tòótọ́ yóò yọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ yóò bínú, nítorí pé kíákíá ni wọ́n rán an. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ràn kó yá irú wọn ní orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó kàn kọjú rẹ̀ sí ojú òpó wọn. Èmi kò gbà á níyànjú, torí bí wọ́n bá fi í kó owó ìtọrẹ jẹ, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá yóò rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín.

Ẹ fi èsì yẹn ránṣẹ́, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì láti béèrè ibi tó bá a dé. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù kan ímeèlì mìíràn dé láti ilé-iṣẹ́ kan, tí ẹ sì fura pé ẹni kan náà ni, ẹ má bi í léèrè àbúrò rẹ̀. 1,800 náà ni kí ẹ pè é.