Ṣé lóòótọ́ ni pé àfín kì í jẹ iyọ̀?

Ìyá ọlọ́mọ kan ní Òmù-Àrán ló béèrè. Àfín ni ọmọ tó bí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọmọ náà, pé iyọ̀ ló ń mú kí àmì dúdú wínníwínní yọ sára àfín. Ó fẹ́ mọ ibi tí èèwọ̀ yìí ti wá, àti bóyá òótọ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ọbàtálá ló ti ṣẹ̀. Òun ni àwọn baba wa gbà pé ó ń mọ ọmọ sínú ìyá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àfín, abuké, arọ àti aràrá ní ẹni òrìṣà. Òrìṣà yìí kì í jẹ iyọ̀. Ọbẹ̀ àtẹ́ ni wọ́n ń gbé fún un, ìgbín lẹran rẹ̀. Ohun tí òrìṣà ò jẹ, wọn ò ní fi bọ́ ẹni tirẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi í ṣe, kì í ṣe ìtọ́jú ara. Ọ̀pọ̀ ilé ti di mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ báyìí, wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀, wọn ò fi èèwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n bá wá ìdí mìíràn fún un.

Ẹ wo àgbà àfín dáadáa: ojú, ọrùn, apá láti ìgúnpá dé ọwọ́, àmì kún un. Ẹ wá wo ikùn àti ẹ̀yìn tí aṣọ ń bò: ó mọ́ lóló. Iyọ̀ tí èèyàn bá jẹ, gbogbo ara ló ń bá ẹ̀jẹ̀ dé. Báwo ló ṣe wá fo ikùn? Oòrùn ló ń ṣe é.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹláníìnì, èròjà tó ń mú ara dúdú, pé sára àfín bíi ti gbogbo wa. Aláró wà nílé, aró ni ò jáde. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló yingin. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní OCA2, tó wà lórí krómósóòmù 15 (krómósóòmù ni okùn tí jíìnì tò sí), ló wọ́pọ̀ jù. Ọmọ ní láti gba ẹyọ kan tó yingin lọ́dọ̀ bàbá, kó gba òmíràn lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn méjèèjì lè dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, kí oníkálùkù sì ní ẹyọ kan lára láìmọ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan nígbà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ àfín. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi ìyá ọmọ léèrè ibi tó rìn dé nígbà oyún. Àfín méjì gan-an lè fẹ́ra kí wọ́n bí ọmọ dúdú, bó bá jẹ́ pé jíìnì tó yingin lára ọkọ kọ́ ló yingin lára ìyàwó.

Ẹ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ níwọ̀n tí ẹ ń fi sí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn ni kó má wọ́n ọn, torí jẹjẹrẹ awọ ara ni oòrùn máa ń fà fún wọn. Bó bá wọ ilé-ìwé, ẹ ní kí tíṣà jẹ́ kó jókòó níwájú. Àìtó mẹláníìnì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹyinjú àfín dàgbà tán. Òun ló ń mú kí ojú wọn máa mì, tí wọ́n fi ń gbé ìwé sún mọ́ imú. Kì í ṣe pé orí wọn ò pé.